Ohun Tó Hàn Gbangba, Ṣé Ó Tún Nílò Ẹ̀rí?

Ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé bá ti Ọ̀yẹ́ pààlà. Ti Ọ̀yẹ́ náà tún bá ti Ìdó/Osi pààlà. Ṣé Ìkọ̀lé wá bá Ìdó/Osi pààlà? Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Ifàkì gba Ọ̀yẹ́ lọ sí Ìkọ̀lé rí kò ní jẹ́ kí n parí ìbéèrè náà kó tó dáhùn pé rárá o, ilẹ̀ Ọ̀yẹ́ ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká yọ "bá pààlà" kúrò, ká fi "ga ju" sí i. Ọjọ́ ga ju Àìná lọ, Àìná ga ju Dáre lọ. Ṣé Ọjọ́ ga ju Dáre lọ? Bẹ́ẹ̀ ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo gbólóhùn méjèèjì dáadáa, bákan náà ni wọ́n ṣe tò ó. Ìkíní sí ìkejì, ìkejì sí ìkẹta, ìkíní sí ìkẹta. Ọ̀kan jóòótọ́, èkejì jẹ́ irọ́. Kí ló fà á?

Ìbéèrè yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní máa ń bá pàdé nínú ìṣirò lábẹ́ àkọlé tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní relation, tí èmi yóò máa pè ní ìbátan. Mo ti kọ́ ọ ní kíláàsì, mo sì mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ. Wọn á wo pátákó, wọn á wo ojú mi, ẹnìkan á na ọwọ́ sókè látẹ̀yìn: "Sà, èyí ò ti hàn gbangba ni? Kí la tún ń fi ẹ̀rí gbè é sí?"

Ìbéèrè náà ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Jésù, Euclid kọ ìwé ìṣirò rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rí hàn nínú ìwé kìíní, ní abala ogún, pé bí a bá kó ẹ̀gbẹ́ méjì igun mẹ́ta pọ̀, wọ́n á gùn ju ẹ̀gbẹ́ kẹta lọ. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Epicurus fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pàápàá mọ ìyẹn. Gbé koríko sí igun kan, kí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dúró sí igun kejì, ṣé yóò kọ́kọ́ lọ yà ní igun kẹta kó tó wá jẹun? Proclus, tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún lẹ́yìn ìbí Jésù, ló kọ ìtàn ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ó sì dá wọn lóhùn: kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀, kò mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ìdáhùn Proclus dáa, ṣùgbọ́n kò tó. Ìdí tó lágbára jù ni pé ojú máa ń tàn wá, kì í sì í kìlọ̀ kó tó tàn wá. Màá fi hàn yín.

Nínú ìṣirò, ìbátan kì í ṣe ti ẹbí nìkan. Ohunkóhun tí a bá lè sọ nípa ohun méjì, tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbátan ni. "Ga ju", "bá pààlà", "jẹ gbèsè", "ìyá kan náà ló bí wọn", gbogbo wọn ni. Ìwà mẹ́ta la máa ń wò lára wọn. Àkọ́kọ́, ṣé ohun kọ̀ọ̀kan bá ara rẹ̀ tan? Ẹ jẹ́ ká pe èyí ní ẹni-sí-ara-ẹni. Ìkejì, bí èyí bá bá ìyẹn tan, ṣé ìyẹn náà bá èyí tan? Ìyẹn ni àlọ-àbọ̀. Ìkẹta ni èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀: bó bá ti ọwọ́ ìkíní dé ìkejì, tó ti ọwọ́ ìkejì dé ìkẹta, ṣé ó ti ọwọ́ ìkíní dé ìkẹta? Mo ń pè é ní àtagbà, bí ìgbà tí àwọn eléré ìje bá ń gba igi lọ́wọ́ ara wọn. "Bá pààlà" ní àlọ-àbọ̀, kò ní àtagbà. "Ga ju" ní àtagbà, kò ní àlọ-àbọ̀. "Jẹ gbèsè" kò ní ìkankan nínú wọn, ẹ bi àwọn tó ń ta ọjà àwìn.

Wàyí o, ẹ gbọ́ "ẹ̀rí" kan. Ẹnìkan sọ pé ìbátan yòówù tó bá ti ní àlọ-àbọ̀ àti àtagbà gbọ́dọ̀ ní ẹni-sí-ara-ẹni náà, a ò ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní: mú Ọjọ́, mú ẹnìkan tó bá Ọjọ́ tan, ká pè é ní Àìná. Ọjọ́ bá Àìná tan. Nítorí àlọ-àbọ̀, Àìná bá Ọjọ́ tan. Nítorí àtagbà, Ọjọ́ dé Àìná, Àìná dé Ọjọ́, ó di pé Ọjọ́ bá Ọjọ́ tan. Ẹ̀rí parí.

Ó dùn mọ́ etí. Bí mo bá kọ ọ́ sí pátákó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo kíláàsì ló máa ń gbà á wọlé. Irọ́ ni. Ẹ mú àwọn nọ́ńbà tí a fi ń ka nǹkan, kí ẹ sì sọ pé nọ́ńbà méjì tan bí ẹ bá sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn tí ohun tó jáde kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba. 3 àti 5 tan, nítorí 15 kò ṣeé pín dọ́gba. 3 àti 4 kò tan, 12 ni wọ́n bí. Àlọ-àbọ̀ wà níbẹ̀. Àtagbà náà wà níbẹ̀, torí pé kí nọ́ńbà méjì tó lè tan, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Ṣùgbọ́n 2 ńkọ́? 2 lọ́nà 2 jẹ́ 4. 2 kò bá ara rẹ̀ tan.

Ibo ni ẹ̀rí yẹn ti jò? Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni: "mú ẹnìkan tó". Ta ló sọ fún un pé ẹnìkan wà? 2 kò ní ẹnìkankan tó bá a tan rárá. Kò sí Àìná tí a máa mú. Ẹni tó dá wà láyé, tí kò ní ìbátan, ni ẹ̀rí náà gbàgbé.

Bóyá ẹ ń rò ó pé eré àwọn olùkọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká wá sílé, ibi tí wọ́n ti ń pín ogún.

Ọ̀nà méjì ni àṣà Yorùbá ń gbà pín ogún láàárín àwọn ọmọ ọkùnrin tó ní ìyàwó púpọ̀. Nínú orí-ò-jorí, iye ọmọ la ó fi pín in. Nínú ìdí-igi, iye ìyàwó tó bímọ la ó kọ́kọ́ fi pín in, kí àwọn ọmọ ìdí kọ̀ọ̀kan tó wá pín tiwọn. Ká ní bàbá kan fi pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ 18 sílẹ̀. Ìyálé bí ọmọ kan, ìyàwó kejì bí méjì, ìkẹta bí mẹ́ta. Ní orí-ò-jorí, pulọ́ọ̀tì 3 ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ní ìdí-igi, 6 ló kan ìdí kọ̀ọ̀kan: ọmọ ìyálé kó 6 lódidi, àwọn ọmọ ìyàwó kejì gba 3-3, àwọn ọmọ ìkẹta gba 2-2. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ náà ò kéré. Irú ọ̀rọ̀ yìí ló gbé ẹjọ́ Danmole àti Dawodu láti Èkó dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, lórí dúkìá ọkùnrin kan tó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án. Ní 1962, àwọn adájọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ni àṣà, àti pé olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí bí ìjà bá wà lórí ọ̀nà tí wọn ó gbà pín in.

Adájọ́ lè pinnu èyí tí a ó lò. Ohun tí kò sí ẹni tó máa ń bi adájọ́ ni pé: ta ló fi dá wa lójú pé ìdí-igi ṣeé pín rárá? Ìyẹn ni pé kò ní sí ọmọ kan tó bọ́ sí ìdí méjì, kò sì ní sí ọmọ kan tí kò ní ìdí. Ó hàn gbangba, àbí? Ẹ̀rí rẹ̀ nìyí. Ìbátan wa ni "ìyá kan náà ló bí wọn". Ká ní Dáre wà nínú ìdí Ọjọ́, ó tún wà nínú ìdí Àìná. Ọjọ́ bá Dáre tan, Dáre sì bá Àìná tan, àlọ-àbọ̀ ló jẹ́ ká lè yí i padà bẹ́ẹ̀. Nítorí àtagbà, Ọjọ́ bá Àìná tan. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lọ́dọ̀ Ọjọ́ yóò wà lọ́dọ̀ Àìná, ẹnikẹ́ni tó bá wà lọ́dọ̀ Àìná yóò wà lọ́dọ̀ Ọjọ́. Ìdí kan náà ni wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ ló jẹ́ méjì. Nítorí náà, ìdí méjì kì í gbé ọmọ kan pọ̀: bí wọn ò bá jẹ́ ọ̀kan náà, wọn ò pàdé níbì kankan.

A ti lo àlọ-àbọ̀, a ti lo àtagbà. Ẹni-sí-ara-ẹni ńkọ́? Ibí ni ọmọ ìyálé ti wọlé. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, kò sí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ ìyá ara rẹ̀. Bí a bá wá fi "ọmọ ìyá" ti ẹnu yìí kó àwọn ọmọ jọ, tí a ní kí ẹni tó bá ní ọmọ ìyá níbí bọ́ síwájú, àwọn ọmọ ìyàwó kejì á jáde, ti ìkẹta á jáde, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyálé bí á jókòó síbi tó wà. Kò ní ìdí kankan. Pulọ́ọ̀tì 6 rẹ̀ ti lọ. Òun gan-an ni nọ́ńbà 2 tí a rí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí a bá sọ pé "ìyá kan náà ló bí wọn", tí a sì gbà pé ìyá kan náà ló bí Ọjọ́ àti Ọjọ́, bó tilẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ wèrè, ọmọ náà ti rí ibi tó máa dúró sí. Èmi ò mọ àpẹẹrẹ tó dáa jù èyí lọ fún ẹni tó bá ń béèrè ìwúlò ẹni-sí-ara-ẹni.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá tú ìbátan náà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Ká fi "wọ́n ní òbí kan pọ̀, ìbáà ṣe ìyá, ìbáà ṣe bàbá" rọ́pò rẹ̀. Fọlá àti Ṣadé jẹ́ ọbàkan, bàbá kan náà ló bí wọn. Ṣadé àti Kúnlé jẹ́ iyèkan, ìyá wọn ti bí Kúnlé fún ọkùnrin mìíràn kó tó wá sí ilé yìí. Ṣadé bá àwọn méjèèjì tan. Fọlá àti Kúnlé kò ní ohunkóhun pọ̀. Àtagbà ti já, Ṣadé ti bọ́ sí ìdí méjì. Àwọn baba wa ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọbàkan àti iyèkan, Gẹ̀ẹ́sì sì da méjèèjì pọ̀. Tiwa ló sàn jù fún iṣẹ́ yìí.

Ọjọ́ ọjà pàápàá, ìdí-igi ni, àwọn ọjọ́ ló jẹ́ ọmọ níbẹ̀. Ọjà ọrọọrún là ń pè é, ṣùgbọ́n a máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn, torí náà ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń yípo. Ọjọ́ méjì tan bí iye ọjọ́ tó wà láàárín wọn bá jẹ́ ìlọ́po 4. Bí ó bá jẹ́ 8 láti ìkíní sí ìkejì, tó jẹ́ 12 láti ìkejì sí ìkẹta, 20 ni àpapọ̀, ìlọ́po 4 náà ni. Àtagbà rẹ̀ kò ju ìṣirò àròpọ̀ yẹn lọ. Gbogbo ọjọ́ ayé pín sí ìdí mẹ́rin, kò sì sí ọjọ́ kan tó bọ́ sí méjì. Ẹni tó bá ná ọjà lọ́jọ́ Mọ́ńdè yóò tún bá a ní Mọ́ńdè lẹ́yìn ọjọ́ 28.

Àṣírí kan wà níbí: gbogbo ìbátan tó bá jẹ́ "nǹkan kan náà" ni wọ́n ní (ìyá kan náà, ìlú kan náà, iye kan náà), ìwà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe òun. "N kò rí ìyàtọ̀ láàárín wọn" kì í ṣe "wọ́n dọ́gba". Ẹnìkan ní okùn ẹsẹ̀ bàtà 100 tó fi ń wọn ilẹ̀. Okùn fẹ́ gbó, ó fi í gé òmíràn, tuntun náà kúrú ní ínṣì kan. Ta ló máa fi ojú rí ínṣì kan lára ẹsẹ̀ bàtà 100? Nígbà tó yá, ó fi tuntun gé òmíràn, èyí náà dín ní ínṣì kan. Okùn kọ̀ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èyí tó ṣáájú rẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni. Èyí kẹtàlá ti fi ẹsẹ̀ bàtà kan gbáko dín sí ti àkọ́kọ́. Lórí pulọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tó gùn ní 100, ìgbálẹ̀ tóóró tí ẹsẹ̀ bàtà kan fẹ̀, tí 50 gùn, ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Láti 2011 tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, tó tún ní ọgbà ní Ìkọ̀lé, ẹ mọ ohun tí ẹsẹ̀ bàtà kan lè dá sílẹ̀ láàárín aládùúgbò méjì. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a máa padà sídìí okùn àkọ́kọ́ nígbà gbogbo, tàbí sídìí pèrègún tí wọ́n gbìn sí ààlà, kì í ṣe sídìí okùn àná.

Ní agbègbè wa yìí náà ni ẹnìkan ti jáde tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bá irú ẹ̀rí báyìí jà. Adégòkè Olubummo, wọ́n bí i ní Òrin-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó/Osi, ní 1923. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní Yunifásítì Durham ní 1955, ọmọ Nàìjíríà kejì tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn Chike Obi. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì kú ní 1992. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀ka tí Stefan Banach, ọmọ Pólándì, fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ibi tí a ti ń ṣe ìṣirò nínú àyè tí ìhà rẹ̀ kò lópin, kì í ṣe iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti òkè nìkan. Nínú irú àyè bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gbára lé ojú ti gbé. Àpilẹ̀kọ kan tí Olubummo tẹ̀ jáde ní 1962 dá lórí àwọn operator tí èso wọn kò kọjá ìhà tó níye.

Lórí irú àwọn operator yìí ni ìbéèrè kan tó gbajúmọ̀ wà. Ní 1936, ní ìlú Lwów, Stanisław Mazur kọ ìbéèrè kan sínú ìwé ńlá kan tí òun, Banach àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn máa ń kọ ìbéèrè sí, ó sì fi ẹ̀bùn lé e: goose kan láàyè, ìyẹn ẹyẹ tó jọ pẹ́pẹ́yẹ ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ. Ohun tí ìbéèrè náà wá já sí, nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ni pé: operator kan tó ń kó gbogbo nǹkan jọ sí ibi tóóró, ṣé a lè fi èyí tó níye ìhà sún mọ́ ọn tó bí a bá ṣe fẹ́, nínú àyè Banach yòówù? Nínú àwọn àyè tí wọ́n mọ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni. Ó dà bí ohun tó hàn gbangba, ẹ̀rí rẹ̀ nìkan ni kò yọjú. Ní 1972, Per Enflo, ọmọ Sweden, fi hàn pé rárá ni: ó kọ́ àyè kan tí kò ti ṣeé ṣe. Wọ́n fún un ní goose rẹ̀ ní Warsaw, láàyè, lọ́wọ́ Mazur fúnra rẹ̀. Ọdún 36 ni wọ́n fi ń wá ẹ̀rí ohun tí kì í ṣe òótọ́.

Mo fi èyí tó sún mọ́ wa jù sí ìkẹyìn. "Àwọn ará ìlú fẹ́ èyí ju ìyẹn lọ." Ṣé ó ní àtagbà? Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ omi ju títì, tó fẹ́ títì ju ilé ìlera, yóò fẹ́ omi ju ilé ìlera lọ. Ó yẹ kí ìlú náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ìlú kan ní àdúgbò mẹ́ta, iye ènìyàn wọn dọ́gba, owó tó wà nílẹ̀ kò sì ju ti iṣẹ́ kan lọ. Àdúgbò kìíní fẹ́ omi, lẹ́yìn rẹ̀ títì, lẹ́yìn rẹ̀ ilé ìlera. Èkejì fẹ́ títì, ilé ìlera, omi. Ẹ̀kẹta fẹ́ ilé ìlera, omi, títì. Ẹ gbé omi àti títì síwájú wọn: àdúgbò kìíní àti ẹ̀kẹta mú omi, omi borí. Títì àti ilé ìlera: ìkíní àti èkejì mú títì. Nítorí náà omi yẹ kó borí ilé ìlera. Ẹ gbé e kalẹ̀: èkejì àti ẹ̀kẹta mú ilé ìlera! Ìlú náà fẹ́ omi ju títì, títì ju ilé ìlera, ilé ìlera ju omi. Kò sí ẹni tó ya wèrè nínú wọn, kò sí ẹni tó gba rìbá. Condorcet, ará Faransé, ló kọ ọ́ jáde ní 1785. Ní 1951, Kenneth Arrow ti Amẹ́ríkà fi ẹ̀rí hàn pé, níbi tí ohun tí a fẹ́ yàn bá ti tó mẹ́ta, kò sí ọ̀nà kíka ìbò tí a bá ní kí ó to gbogbo wọn sípò, tó lè bọ́ pátápátá lọ́wọ́ irú wàhálà yìí láì rú òfin mìíràn tó yẹ kó dè é.

Ẹni tó wá jàǹfààní rẹ̀ ni alága ìpàdé. Bó bá fẹ́ ilé ìlera, kí ó kọ́kọ́ gbé omi àti títì kojú ara wọn, kí ẹni tó bá borí wá pàdé ilé ìlera. Bó bá fẹ́ omi, títì àti ilé ìlera ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ títì ló wù ú, kí ó fi ilé ìlera àti omi ṣíwájú. Ìbò tí wọ́n dì kò yí padà, ọwọ́ tí wọ́n nà sókè náà kò yí padà, ètò tó wà nínú ìwé alága nìkan ló yí.